Ọdún Tí Mo Jókòó Mu Tíì: Àyẹ̀wò 2025 Mi

Ìwé pélébé kan wà lórí tábìlì mi, ẹ̀yìn rẹ̀ ti rin fún bọ́tà. Oṣù kìíní ni mo rà á ní pọ́n-ùn kan, mo sì kọ ọ́ sójú ewé àkọ́kọ́ pé: "Ilé tíì kan lóṣù kan. Kí n jókòó. Kí n mu tíì. Kí n jẹ àkàrà òyìnbó kan. Kí n má gbé fóònù." Ọdún kẹfà mi ní Leeds, ìlú kan ní England, nìyí. Iṣẹ́ ìtọ́jú àwọn àgbàlagbà ni mo ń ṣe, láti ilé dé ilé, mo sì mọ gbogbo kọ̀rọ̀ ìlú náà tọ̀sán-tòru. Àmọ́ bí ẹnì kan bá bi mí pé níbo ni mo ti jókòó rí níbẹ̀, tó yọ ibi iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì àti orí bẹ́ẹ̀dì mi kúrò, mi ò ní rí èsì fọ̀.

Mo ka ìwé náà látòkè délẹ̀ lánàá. Mọ́kànlá ni mo rí lọ nínú méjìlá. Oṣù kejì ló bọ́ sọ́nù. Òtútù ni, kò sí àlàyé míì. Owó tí mo ná, láìka owó ọkọ̀, jẹ́ £173. Nígbà tí ọ̀rẹ́ mi kan, ará Ìjẹ̀bú, gbọ́ iye yẹn, ó ní, "Ṣé oko tíì lo rà ni?" Ó sì bá mi jẹ nínú ẹ̀ o.

Ti fóònù, ẹ má bi mí. Ilé méje nínú mọ́kànlá ni mo ti gbé e.

Nílé wa n'Íbàdàn, ohunkóhun tó bá ti gbóná, tí a da mílíìkì sí, tíì ni. Bournvita, tíì ni. Milo, tíì ni. Tíì gan-an, èyí tó jẹ́ ewé, "Lipton" là ń pè é, ilé iṣẹ́ yòówù tó ṣe é. Ṣùgbọ́n bàbá mi ní tíì tirẹ̀ lọ́tọ̀. Tó bá ti di nǹkan bí aago mẹ́jọ alẹ́, á na fláàsì sí mi: "Lọ bá mi gba tíì wá lọ́wọ́ Máláàmù." Sábó ni Máláàmù pàtẹ sí, pẹ̀lú tábìlì kan, ìkòkò ńlá kan lórí iná èédú, àti bẹ́ǹṣì méjì tó ti dán fún ìjókòó. Á gbé ife kan sókè dé orí, á gbé ìkejì sísàlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìdí, tíì á máa bọ̀ láàárín méjèèjì bí okùn pupa, kò ní ta sílẹ̀, títí orí rẹ̀ á fi ho fùkẹ̀fùkẹ̀. Òórùn atalẹ̀ á gba gbogbo ibẹ̀. Àwọn ọkùnrin tó wà lórí bẹ́ǹṣì á máa jẹ búrẹ́dì àti ẹyin díndín, wọ́n á máa fa ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù, wọ́n á máa bú ìjọba. Mi ò rí obìnrin kan jókòó síbẹ̀ rí. Kò sẹ́ni tó kọ ọ́ sára ògiri pé obìnrin kò gbọdọ̀ jókòó o. Èmi á kàn gba fláàsì mi, màá dé e dáadáa, màá sì kọrí sílé.

Ó yá, ọ̀rọ̀ ọdún yìí.

Inú ọjà Kirkgate ní Leeds ni mo ti ṣí ìwé. Ọjà yẹn náà ni Michael Marks ti pa àtẹ ẹrù pẹ́nì kan-kan ní 1884, èyí tó padà di Marks & Spencer. Mo rí "toasted teacake" lára pátákó, mo ní ó parí, àkàrà òyìnbó tí wọ́n dìídì ṣe fún tíì nìyí. Búrẹ́dì ni wọ́n gbé wá! Búrẹ́dì roboto, àjàrà gbígbẹ nínú rẹ̀, wọ́n là á sí méjì, wọ́n yan án, bọ́tà ń yọ́ lórí rẹ̀. Mo wò ó, mo wo obìnrin tó gbé e wá. Ó ní, "Ṣé ó dáa, love?" Mo ní ó dáa. Nígbà tí mo máa fi jẹ ẹ́ tán, bọ́tà ti ṣàn dé ọrùn ọwọ́ mi, ìgbà yẹn sì ni ìwé mi kọ́kọ́ rí àbàwọ́n.

Oṣù kẹta ló burú jù, mi ò ní dárúkọ wọn. Abúlé kékeré kan tó rẹwà bí àwòrán kàlẹ́ńdà ni. Wọ́n kọ ọ́ síta pé aago márùn-ún làwọn ń tì. Aago mẹ́ta àbọ̀ ni mo wọlé, ọmọbìnrin náà ti ń dojú àga dé orí tábìlì. Tábìlì mẹ́ta ló ṣófo lẹ́bàá fèrèsé, ẹ̀bá ilẹ̀kùn ilé ìyàgbẹ́ ló mú mi lọ. Máíkírówéèfù ni wọ́n fi mú scone mi, àkàrà òyìnbó kékeré tí wọ́n ń fi jáàmù jẹ, gbóná: ó jó mi lẹ́nu nígbà àkọ́kọ́, kí n tó fi jáàmù sí èyí tó kù, ó ti gan bí bàtà ọdún tó kọjá. Mo jókòó síbẹ̀, ẹnìkan wọlé lẹ́yìn mi, ẹnìkan jáde, omi ń dún. Ìgbà tó yá, mo dìde. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀bá fèrèsé yẹn ni mo fẹ́." Ó wò mí, ó gbé àwo mi tẹ̀ lé mi. Inú ìwé mi, ohun tí mo kọ sábẹ́ oṣù kẹta kò ju "scone: rárá. Fèrèsé: bẹ́ẹ̀ ni."

Oṣù karùn-ún, èmi àti ọ̀rẹ́ mi ará Ìjẹ̀bú wọ bọ́ọ̀sì 36 lọ sí Harrogate. Bettys là ń lọ, ilé tíì tí Frederick Belmont, ọmọ ilẹ̀ Switzerland, dá sílẹ̀ ní 1919. A tò fún ogójì ìṣẹ́jú. Ọ̀rẹ́ mi ní, "Láti ibi tí a ti ń tò fún bẹntiróòlù la ti sá wá, a tún wá ń tò fún omi gbígbóná." Ó bi mí ta ni Betty tí wọ́n ń pariwo. Mo ní ìtàn tó wà níbẹ̀ pọ̀, kò sí méjì tó bára mu. Ó ní, "Ìyá ẹ̀ ni jàre."

Wọ́n gbé ìkòkò tíì fàdákà wá, wọ́n gbé asẹ́ kékeré kan wá, wọ́n sì gbé ìkòkò kejì tó jẹ́ omi gbígbóná lásán. Ẹ gbà mí, omi ìfọwọ́ ni mo pè é. Mo ti ń wá abọ́ tí màá dà á sí kí n tó rí ìyá kan ní tábìlì kejì tó da tirẹ̀ lé ewé tíì tó kù nínú ìkòkò rẹ̀, tó sì bù ú mu lẹ́ẹ̀kejì. Ọ̀rẹ́ mi rẹ́rìn-ín títí tó fi mú aṣọ ìnujú bo ẹnu. Fat Rascal la jẹ. Ó jọ scone, àmọ́ ó tóbi jù ú lọ, wọ́n fi ṣẹ́rì ṣe ojú rẹ̀, wọ́n fi èso álímọ́ńdì ṣe eyín rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín sí ọ bí ẹni tó jẹ ọ́ lówó. Ọ̀rẹ́ mi jẹ ààbọ̀, ó di ìyókù sínú ọ̀rá tó mú bọ̀ látilé. Mi ò bá a wí, àkàrà ọ̀hún kì í ṣe ọ̀fẹ́.

Oṣù kẹfà, ìkeje àti ìkẹjọ, àkàrà òyìnbó Victoria, ti ọsàn wẹ́wẹ́, ti kárọ́ọ̀tì. Gbogbo wọn dáa. Kò sí ìtàn.

Oṣù kẹsàn-án ni mo lọ sí Glasgow ní Scotland nítorí ilé tíì kan ṣoṣo, èyí tó wà ní Sauchiehall Street. Catherine Cranston ló ni ín. Ó ti ń ta tíì nílùú náà láti 1878, ní 1903 ló ṣí èyí, tó gbé gbogbo iṣẹ́ rẹ̀ fún Charles Rennie Mackintosh, ayàwòrán ilé, látorí fèrèsé dórí àga. Ìyàwó Mackintosh, Margaret Macdonald, náà lọ́wọ́ sí i. Wọ́n mú mi gòkè lọ sí yàrá kan tí àga rẹ̀ jẹ́ aláwọ̀ fàdákà, tí ẹ̀yìn wọn ga ju orí mi lọ. Obìnrin tó ń gbé tíì wá sọ fún mi pé àwọn obìnrin ni wọ́n ṣe yàrá náà fún láyé ìgbà náà. Láyé ọjọ́un, obìnrin tó bá bọ̀wọ̀ fún ara rẹ̀ kò lè dá jókòó sílé ọtí. Ilé tíì ló ṣí ilẹ̀kùn yẹn. Ní London, Aerated Bread Company, oníbúrẹ́dì lásán, ló bẹ̀rẹ̀ sí í ta tíì ní ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ní 1864, àwọn obìnrin sì rí ibi tí wọ́n lè wọ̀ láìmú ọkùnrin lọ́wọ́.

Mo gbé ife mi sílẹ̀. Bẹ́ǹṣì Sábó ló yọ sí mi lójú, bó ṣe dán. Ẹ wo bí mo ṣe rìn jìnnà tó kí n tó bi ara mi ní ìbéèrè tí mo lè ti bi Máláàmù nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mọ́kànlá.

Ní oṣù kọkànlá, ìyá àgbà kan tí mo ń tọ́jú kọ́ mi ní parkin, àkàrà òyìnbó àwọn ará Yorkshire tí wọ́n ń jẹ ní alẹ́ iná sísun ọjọ́ karùn-ún oṣù náà: ọkà oat, oyin ìrèké dúdú, atalẹ̀. Ó ní mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án lọ́jọ́ tí mo bá yan án, kí n dé e sínú agolo fún ọjọ́ díẹ̀ títí á fi rọ̀. Ọjọ́ kẹrin ni mo ṣí i. Òórùn Máláàmù jáde nínú agolo náà, mo ní kí n jókòó ná.

Ohun tí mi ò tíì borí: ṣúgà mẹ́ta ni mo ṣì ń fi sí i, bẹ́líìtì mi sì ti sún ihò kan síwájú.

Ọdún Àjíǹde tó ń bọ̀, màá lọ sílé. Bàbá wa kò sí mọ́. Mo pe àbúrò mi ọkùnrin lọ́sẹ̀ tó kọjá pé kó bá mi dé Sábó, kó wò ó bóyá tíì ṣì wà níbẹ̀. Ó ní ibi tí Máláàmù wà tẹ́lẹ̀, oní-POS ló wà níbẹ̀ báyìí, ṣùgbọ́n ọmọ Máláàmù ti sọdá sí òdìkejì títì, ó sì kó bẹ́ǹṣì náà dání.

Mo ní, "Ó dáa, ibẹ̀ la máa jókòó sí."

Ó ní, "Ẹ̀yin náà, Àǹtí mi? Lórí bẹ́ǹṣì?" Ó dákẹ́ díẹ̀. "Ṣé kí n bá yín gbé àga látilé?"

Mo ní rárá, bẹ́ǹṣì ni mo fẹ́.