Ibí ni Juice ń gbé

Àbámẹ́ta, 29 oṣù Bélú, 2025

Aago mẹ́wàá alẹ́ ti kọjá, wọn ò tíì sọ bóyá Lane Kiffin, kóòṣì bọ́ọ̀lù Amẹ́ríkà ní Ole Miss, yunifásítì ìlú wa, Oxford ní Mississippi, ń lọ tàbí ó ń dúró.

Mo ti gbé fóònù sílẹ̀ tó ẹ̀ẹ̀mẹfà, mo tún gbé e. Bàbá Tèmi, ọkọ mi, ní kí n lọ sùn, pé Kiffin ì báà lọ, ì báà dúró, owó ilé tí a máa san lóṣù tó ń bọ̀ ò ní fi kọ́bọ̀ dín. Òótọ́ ló sọ. Ṣùgbọ́n òun náà ò sùn. Mo ń gbọ́ tẹlifísọ̀n ní pálọ̀, ó ti yí ohùn rẹ̀ sílẹ̀ kí n má baà mọ̀ pé nǹkan kan náà tí èmi ń wá lòun náà ń wá.

Kì í ṣe Kiffin gan-an ló wà lọ́kàn mi. Ọ̀rọ̀ ọmọ kékeré kan ni. Láàárọ̀, mo lọ ra ẹyin àti wàrà kí n tó lọ síbi iṣẹ́. Obìnrin kan wà níwájú mi lórí ìlà pẹ̀lú ọmọ rẹ̀, ọmọ náà ò lè ju ọdún márùn-ún lọ, ó wọ súwẹ́tà aláwọ̀ sánmà tí apá rẹ̀ gùn ju ọwọ́ ọmọ lọ. Obìnrin yìí àti ẹni tó ń gbowó ń sọ ohun tí gbogbo Oxford ń sọ láti ọ̀sẹ̀ bíi mélòó kan: Kiffin ń lọ, kò lọ, LSU, yunifásítì ìpínlẹ̀ Louisiana, ni, rárá, yunifásítì Florida ni, wọ́n ti fi ọkọ̀ òfuurufú gbé àwọn ará ilé rẹ̀ lọ wo Gainesville tí Florida wà, wọ́n tún gbé wọn lọ wo Baton Rouge tí LSU wà. Ọmọ náà ń wo ẹnu wọn. Nígbà tó yá ó ní, "Ṣùgbọ́n ibí ni Juice ń gbé."

Kò sẹ́ni tó dá a lóhùn. Ìyá rẹ̀ fi apá súwẹ́tà yẹn nu imú fún un, ó ká apá náà sókè lẹ́ẹ̀mejì, ó sanwó, wọ́n jáde.

Juice ni ajá Kiffin. Tèmi, ọmọ mi, ò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni nínú ilé yìí gbàgbé ajá náà, ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò rẹ̀ gbogbo ló mọ̀. Lójú ọmọ yẹn, ọ̀rọ̀ ti parí síbẹ̀. Ibi tí ajá bá ń gbé, ibẹ̀ ni olówó rẹ̀ ń gbé. Mo gbé ọ̀rọ̀ náà dé inú ọkọ̀, mo gbé e dé ibi iṣẹ́, mo sì ń gbé e kiri títí di báyìí.

Ó yẹ kí inú mi máa dùn. Lánàá a lu yunifásítì Mississippi State nílé wọn ní Starkville, 38 sí 19. A ti jẹ mọ́kànlá nínú méjìlá, Georgia nìkan ló lù wá. Yunifásítì yìí ò tíì jẹ mọ́kànlá rí kí ìdíje ìparí tó bẹ̀rẹ̀. Kódà ẹgbẹ́ ọdún 1962 tí ẹnikẹ́ni ò lù, mẹ́wàá ni wọ́n jẹ. Trinidad Chambliss, ọmọ tó ti Ferris State wá, ilé ẹ̀kọ́ tí ọ̀pọ̀ èèyàn níbí ò gbọ́ orúkọ rẹ̀ rí kó tó di ọdún yìí, òun ló ń ju bọ́ọ̀lù bí ẹni pé ìlú yìí ni wọ́n bí i sí. A fẹ́rẹ̀ẹ́ wọ inú àwọn ẹgbẹ́ méjìlá tó máa du ife ẹ̀yẹ tán, ó sì ṣeé ṣe kí eré àkọ́kọ́ wáyé níbí gan-an, ní pápá wa, Vaught-Hemingway. Ó yẹ kí ìlú máa jó. Àmọ́ ó rí bí ilé tí wọ́n ti ń ṣe ìkómọ, tí bàbá ọmọ ń di ẹrù nínú yàrá, tí gbogbo àlejò sì ń gbọ́ bó ṣe ń fa síìpù àpótí.

Keith Carter, ọ̀gá eré ìdárayá Ole Miss, ti sọ láti ọjọ́ 21 oṣù yìí pé lọ́jọ́ kejì eré Starkville la máa gbọ́. Ọjọ́ kejì nìyí. Ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán.

Mo lóye ìdí tó fi rí báyìí, wọ́n ti ṣàlàyé ẹ̀ fún mi títí. Lọ́jọ́rú tó ń bọ̀, 3 oṣù Ọ̀pẹ, làwọn ọmọ girama máa bẹ̀rẹ̀ sí í tọwọ́ bọ̀wé pé yunifásítì báyìí làwọn ń lọ. Ẹgbẹ́ tí kò bá ní kóòṣì lọ́jọ́ yẹn, àwọn ọmọ máa bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́. LSU ti lé kóòṣì wọn, Brian Kelly, láti oṣù tó kọjá, Florida náà ti lé tiwọn, ọ̀nà ò lè dúró de ẹnikẹ́ni kó gbá bọ́ọ̀lù tán. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ lọ gbọ́dọ̀ lọ nígbà tí oúnjẹ ṣì wà lórí iná. Àwọn tó ṣètò ẹ̀ bẹ́ẹ̀ ò rò ó dáadáa. Tàbí wọ́n rò ó. Mi ò mọ̀. Ara mi ò kàn gbà á.

Mo ní mi ò bínú sí i. Ní ọ̀sán mo sọ ọ́ fún Bàbá Fèrèsé, bàbá arúgbó kan tí mò ń tọ́jú níbi iṣẹ́, pé mi ò bínú. Èèyàn lẹ́tọ̀ọ́ láti lọ síbi tó bá wù ú, ọdún 2019 ló dé, ó ti sìn wọ́n ní ọdún mẹ́fà, ó gbé wọn láti ilẹ̀. Ọmọ onílẹ̀ kọ́ ni. Mo sọ gbogbo èyí tán, mo wá rí i pé ìrọ̀rí tí mo ń tẹ́ fún bàbá ni mo ń gbá lẹ́ṣẹ̀ẹ́.

Bàbá Fèrèsé ò sọ nǹkan kan fún ìgbà díẹ̀. Ẹ mọ bó ṣe máa ń ṣe, á kọjú sí fèrèsé bí ẹni pé ìta ni ìdáhùn wà. Ó wá ní kóòṣì kan wà níbí lọ́dún 1998, Tommy Tuberville, ẹni tó wá di sẹ́nétọ̀ Alabama lẹ́yìn náà. Àhesọ ń lọ pé Auburn, yunifásítì kan ní Alabama, ń pè é. Ọkùnrin yìí ní inú pósí onígi páìnì ni wọ́n máa fi gbé òun jáde ní Ole Miss. Kò pé ọjọ́ mélòó kan, ó ti wà ní Auburn. Bàbá ní, "Kò sẹ́ni tó ní kó dárúkọ pósí o. Òun ló fẹnu ara ẹ̀ dá a." Kò rẹ́rìn-ín. Ó tún un sọ: "Kò sẹ́ni tó ní kó dárúkọ ẹ̀."

Bàbá yìí náà yà mí lẹ́nu. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún ni ní 1962. Èèyàn dúdú ò lè lọ jókòó sí pápá yẹn bó ṣe wù ú nígbà yẹn. Ẹ̀yìn ìlú ni wọ́n ń gbé, ó ní ariwo lòun fi ń mọ ẹni tó ń borí, tí ariwo bá pẹ́, tiwa ni, tó bá gé kúrú, tiwọn ni. Ọdún yẹn náà ni James Meredith, akẹ́kọ̀ọ́ dúdú àkọ́kọ́ níbẹ̀, wọlé sí yunifásítì, tí wọ́n jà mọ́jú nítorí ẹ̀, tí èèyàn méjì kú, tí ìjọba kó ṣọ́jà wá. Oṣù kan náà tí wọ́n ń ṣe ìyẹn ni ẹgbẹ́ ń jẹ léraléra. Bàbá gbọ́ ariwo méjèèjì láti ojú fèrèsé kan náà. Síbẹ̀ "tiwa" ló ń pè é.

Ohun tí mi ò lè sọ fún un tán ni pé Meredith kúrò níbí, ó lọ kàwé sí i ní Yunifásítì Ìbàdàn, 1964 sí 1965. Mo sọ ọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan, ó ní, "Ìlú yín?" Mo ní ìlú wa. Ó bi mí bóyá ó dágbére kó tó kúrò níbẹ̀. Mo ní mi ò mọ̀. Ìbéèrè yẹn náà ti ń bá mi gbé, ó ti tó oṣù mẹ́ta.

Ó dáa. Ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tó ń dùn mí.

Mo ti sọ fún yín rí pé mo ṣe tíṣà n'Íbàdàn. Mi ò sọ bí mo ṣe kúrò. Oṣù Ẹrẹ́nà ọdún 2016 ni. Físà tí a ti ń retí títí jáde lọ́sẹ̀ kan, tíkẹ́ẹ̀tì jáde lọ́sẹ̀ kejì, Bàbá Tèmi ti wà níbí, gbogbo nǹkan ń sáré. Mò ń kọ́ SS3 ní Biology, ọmọ mọ́kànlélọ́gbọ̀n, WAEC ò sì jìnnà mọ́. Lọ́jọ́ Fúráídè, píríọ́dù tó kẹ́yìn, mò ń ya kíndìnrín sójú pátákó. Ṣọ́ọ̀kì pupa fún òpó ẹ̀jẹ̀ kan, búlúù fún ìkejì. Mo ti kọ orúkọ sí apá òkè tán, ó ku ìsàlẹ̀, agogo lù. Ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó níwájú, tó máa ń fi rúlà fa ìlà sábẹ́ gbogbo àkọlé, bi mí pé, "Ma, ṣé ẹ máa parí ẹ̀ fún wa?"

Mo ní, "Ó di Mọ́ńdè."

Mo tún wá mú ṣọ́ọ̀kì, mo kọ ọ́ sí igun pátákó gàdàgbà, mo fa ìlà yí i ká: Ẹ MÁ NÙ Ú.

Tíkẹ́ẹ̀tì wà nínú báàgì lẹ́bàá ẹsẹ̀ mi. Alẹ́ ọjọ́ Àìkú ni ọkọ̀ òfuurufú gbéra n'Íkẹjà.

Ọ̀gá ilé ìwé mọ̀. Àwọn ọmọ ni mi ò sọ fún. Ohun tí mo sọ fún ara mi ni pé mi ò fẹ́ kí ọkàn wọn dàrú kí ìdánwò tó dé. Irọ́ ni. Ojú wọn ni mi ò lè wò. Wọ́n rí tíṣà mìíràn, mo gbọ́ pé ọ̀pọ̀ wọn yege, àwọn kan tilẹ̀ ń kí mi lórí Facebook títí dòní, wọn ò bá mi dárúkọ ẹ̀ rí. Ṣùgbọ́n mi ò mọ iye ọjọ́ tí kíndìnrín yẹn fi wà lójú pátákó. Mi ò bi ẹnikẹ́ni rí. Mo máa ń rò ó pé tíṣà mìíràn wọlé ní Mọ́ńdè, ó fẹ́ kọ iṣẹ́ tirẹ̀, wọ́n ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, wọ́n ní ká má nù ún."

Nítorí náà, irú ẹnu wo ni mo fẹ́ fi bú Kiffin? Ó ní ilé, ó ní ọmọ, wọ́n ń fi owó pè é. Èmi náà, owó àti ilé ni. Tó bá lọ, mo mọ ọ̀nà tó gbà. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọkùnrin tó gbá bọ́ọ̀lù yẹn fún un lánàá ní Starkville, nínú òtútù, ṣé ó ti wo ojú wọn? Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ mọ̀ nìyẹn. Tó bá ti sọ fún wọn, kó máa lọ. Mo rò pé bẹ́ẹ̀ ni. Bóyá tí mo bá gbọ́ pé ó ń lọ lóòótọ́ màá tún bínú, mi ò lè ṣèlérí.

Tèmi ti sùn. Ó wọ aṣọ eré rẹ̀ sùn, mo bọ́ fìlà lórí ẹ̀. Kó tó sùn, ó bi mí bóyá ajá lè jẹ́ ti ìlú. Mo ní kó gbàdúrà kó sùn. Èsì tí èèyàn ń fún ọmọ tí kò bá ní èsì nìyẹn.

Mo jáde lẹ́nu iṣẹ́ láago méje alẹ́. Mo kọ́kọ́ yọjú sí Bàbá Fèrèsé, ó ti pa iná, rédíò rẹ̀ ń sọ̀rọ̀ wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́. Mo ń de bọ́tìnì kóòtù mi, mo ní, "Ó dàárọ̀ o, Bàbá. Ó di Mọ́ńdè." Ó ní, "Ó dáa, Miss Ṣadé." Mo ti rìn dé ibi lífíìtì kí etí mi tó gbọ́ ohun tí ẹnu mi sọ.

Mo padà. Mo dúró lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀, mo ní ọ̀la ni mi ò ní sí, àmọ́ Mọ́ńdè, aago méje àárọ̀, mo ń bọ̀, èmi gan-an. Ó yíjú kúrò lójú fèrèsé, ó wò mí pẹ́ díẹ̀. Ó ní òun gbọ́. Ó ní, "Tí ọkùnrin yẹn bá sọ̀rọ̀ kó tó di ìgbà yẹn, má jẹ́ kí n gbọ́ ọ lẹ́nu rédíò nìkan. Tó o bá dé, wá síbí, wá sọ ọ́ fún mi."

Tẹlifísọ̀n ti dákẹ́ ní pálọ̀. Bàbá Tèmi dúró sẹ́nu ọ̀nà báyìí, ó ní wọ́n ti sún un síwájú, ó di àárọ̀ ọ̀la.