Oorun ni géèmù kọ́kọ́ ń gbà lọ́wọ́ ọmọ

Ohun tí àwọn òbí ń bèèrè jù ní Abẹ́òkúta níbí ni pé ṣé géèmù kò ní sọ ọmọ àwọn di jàgídíjàgan. Ìbéèrè gidi ni, àmọ́ òun kọ́ ló yẹ kó ṣíwájú. Ẹ kọ́kọ́ bèèrè aago tí ọmọ sùn lánàá.

Ọmọ ọdún 6 sí 12 nílò oorun wákàtí 9 sí 12 lójúmọ́. Èyí tó ti wọ ọdún 13 títí dé 18 nílò wákàtí 8 sí 10. Iná ló sì ń da oorun yìí rú ní ìlú wa. Wọ́n lè mú iná lọ látàárọ̀, kó wá di aago 11 alẹ́ kí wọ́n tó mú un dé. Tẹlifíṣàn á tàn, PS tí wọ́n fi ń ta géèmù á tàn, fóònù tó ti kú á bọ́ sídìí ṣájà, ọmọ tó ti ń tòògbé á sì dìde jókòó. Ìmọ́lẹ̀ ojú fóònù kì í jẹ́ kí ara tètè pèsè èròjà tó ń mú oorun kunni, eré náà sì ń mú àyà lù kìkì. Ọmọ tó pa géèmù láago 12 lè má sùn títí aago 1, bẹ́ẹ̀ aago 6 lẹ máa jí i fún iléèwé. Oorun wákàtí 5 péré nìyẹn. Bó bá ṣe bẹ́ẹ̀ fún ọjọ́ bíi mélòó kan, á máa kanra, á máa gbàgbé nǹkan, á máa sùn ní kíláàsì. A ó wá ní ó ya olóríkunkun, nígbà tó jẹ́ pé àìsùn ló ń dà á láàmú.

Nítorí náà, fóònù kì í sun yàrá ọmọ. Bó bá ku wákàtí 1 kó lọ sùn, ẹ gba fóònù, tábúlẹ́ẹ̀tì àti páàdì géèmù, kẹ́ ẹ kó wọn sí yàrá tiyín. Ibẹ̀ ni kẹ́ ẹ ti máa ṣájì wọn. Ẹ ò nílò láti máa tú wáyà PS kiri; bí páàdì ò bá sí, eré parí.

Ọ̀rọ̀ ìbínú ló kàn. Ọmọ ń gbá bọ́ọ̀lù lórí géèmù, góòlù 2 sí 2, ó ku díẹ̀ kí wọ́n fọn fèrè, ni màmá bá fa ìpọ́ọ̀gì yọ. Ọmọ á pariwo, wọ́n á sì ní géèmù ti bà á jẹ́. Ọ̀nà tá a gbà dá a dúró ló fa ìyẹn. Géèmù téèyàn ń bá àwọn ẹlòmíì ta lórí íntánẹ́ẹ̀tì kò ṣeé dá dúró láàárín; ọmọ tó bá jáde ti já àwọn ẹgbẹ́ ẹ̀ kulẹ̀. Fífa ìpọ́ọ̀gì yọ lójijì tún lè ba ohun tí PS ti tọ́jú pamọ́ jẹ́.

Ẹ fi iye eré dá ààlà, kì í ṣe ìṣẹ́jú. Bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ṣe ń gbowó ní ṣọ́ọ̀bù géèmù ní Pánṣẹ́kẹ́ tàbí Láfẹnwá, ọmọ ti mọ ìṣirò yẹn. Bí ẹ bá ṣe ìlàjì eré bọ́ọ̀lù sí ìṣẹ́jú 6, eré kan máa tó nǹkan bí ìṣẹ́jú 15 pẹ̀lú ìdúró àárín. Eré 3 ti tó ọjọ́ iléèwé. Géèmù ìbọn lórí fóònù lè tó ìṣẹ́jú 20 sí 30 lẹ́ẹ̀kan, nítorí náà ẹyọ kan péré ni. Kó tó bẹ̀rẹ̀ èyí tó kẹ́yìn ni kẹ́ ẹ sọ fún un, kó sì fọwọ́ ara rẹ̀ pa á. Ohun tó sábà ń ba ètò yìí jẹ́ ni kí bàbá ní rárá kí màmá àgbà sì ní "ẹ jẹ́ ó ta ẹyọ kan sí i."

Ní ti ìwà ipá, ẹgbẹ́ àwọn onímọ̀ ìhùwàsí ẹ̀dá ní Amẹ́ríkà tún un yẹ̀ wò lọ́dún 2020. Wọ́n ní ẹ̀rí ò tó láti so géèmù oníjà mọ́ ìwà ọ̀daràn ńlá, àmọ́ ó so díẹ̀ mọ́ ìfínràn bíi jíjágbe mọ́ni àti títini. Ẹ wo nọ́ńbà tó wà lára páálí géèmù: 3, 7, 12, 16 tàbí 18, ọjọ́ orí nìyẹn. Wàhálà ibẹ̀ ni pé ayédèrú CD kì í ní páálí. Ẹ jókòó tì í, kẹ́ ẹ wò ó fúnra yín.

Àwọn ìkókó ńkọ́? Àjọ Ìlera Àgbáyé sọ lọ́dún 2019 pé ọmọ tí kò tíì pé ọdún 2 kò gbọ́dọ̀ jókòó ti fóònù tàbí tẹlifíṣàn rárá. Ọdún 2 sí 4, kó má ju wákàtí 1 lójúmọ́. Ẹ má fi fóònù rẹ ọmọ tó ń sunkún lẹ́kún. Á kọ́ pé ẹkún ló ń ra fóònù.

Bí géèmù bá ti borí iléèwé, oúnjẹ àti ọ̀rẹ́, tí ọmọ ò lè dá ara ẹ̀ dúró, tó sì ń bá a lọ pẹ̀lú bó ṣe ń pa á lára, tó sì ti tó nǹkan bí oṣù 12, àìsàn lèyí. Àjọ Ìlera Àgbáyé ti kà á mọ́ àìsàn nínú ìwé tí wọ́n ń to orúkọ àìsàn sí, èyí tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní oṣù kìíní ọdún 2022. Ìtìjú ni kì í jẹ́ ká fẹ́ gbọ́ orúkọ Àrò, bẹ́ẹ̀ iléèwòsàn tó mọ̀ nípa irú ẹ̀ gan-an ni, inú ìlú wa níbí ló sì wà. Kẹ́ ẹ tó lọ, ẹ fi ọ̀sẹ̀ 2 kọ ọ́ sílẹ̀ lójoojúmọ́: aago tó sùn, aago tó jí, iye wákàtí tó fi ta géèmù, ohun tó ṣe nígbà tẹ́ ẹ gbà á. Ẹ mú ìwé náà dání fún dókítà.