Ilẹ̀kùn wo ló tì? Ọ̀rọ̀ mi sí ẹ̀yin àbúrò tí Mẹ́dísìn kò gbà

Ẹ̀ẹ̀mejì ni mo ṣe JAMB nítorí Mẹ́dísìn, ẹ̀ẹ̀mejì náà ni orúkọ mi kò jáde. Ti àkọ́kọ́, lọ́dún 2012, kafé kan ní ìkòríta àdúgbò wa ni mo ti yẹ̀ ẹ́ wò. Ọmọkùnrin tó ni kafé bá mi tẹ nọ́ńbà mi sínú ẹ̀rọ, ó wo ẹ̀rọ, ó wojú mi, ó ní, "Sísítà, ó jọ pé wọn ò tíì gbé e síta o." Wọ́n ti gbé e síta. Nígbà tí mo na owó sí i tí kò gbà á ni mo mọ̀.

Ohun tó jẹ́ kó dùn mí wọra ni pé láti ìgbà tí mo ti wà ní práímárì ni àdúgbò ti ń pè mí ní Dókítà. Mo fi omi iyọ̀ wẹ egbò ẹsẹ̀ ajá kan, egbò jiná, orúkọ sì mọ́ mi lórí. Lẹ́yìn tí èsì jáde, ìyá alákàrà á rí mi lókèèrè, á ní, "Dókítà, ìgbà wo lẹ ń wọlé?" Bí mo ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í gba ẹ̀yìnkùlé lọ ra ata nìyẹn. Ẹ̀yin tí ẹ ń gba ẹ̀yìnkùlé báyìí ni mo ń bá sọ̀rọ̀. N kò ní sọ fún yín pé kí ẹ má sunkún. Ẹ sun ún, ṣùgbọ́n ẹ dá ọjọ́ tó máa parí, torí iṣẹ́ ń bẹ nílẹ̀.

Àṣìṣe tí mo ṣe lọ́dún àkọ́kọ́ yẹn ni pé n kò béèrè ìdí. Mo gbà pé n kò kàwé tó, ó tán. Mo padà sí lẹ́sìn kan náà, ìyẹn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ wa fún JAMB, mo tún àwọn ìwé kan náà kà, mo tún yan yunifásítì kan náà. Ìyàtọ̀ tó wà níbẹ̀ ò ju pé mo ń jí ní aago mẹ́rin dípò aago márùn-ún. JAMB mi gòkè láti 241 sí 268. Wọ́n pa adìẹ nílé wa. Lẹ́yìn náà ni mo ṣe post-UTME, ìdánwò tí yunifásítì fúnra rẹ̀ ń ṣe lẹ́yìn JAMB, mo gba 58. Orúkọ mi kò tún jáde.

Bọ̀ọ̀dá tó ń kọ́ wa ní Físíìsì ní lẹ́sìn ló là mí lójú, kò sì gbà á ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Ó ní kí n mú bébà wá. "Báwo ni ilé ìwé tí o yàn ṣe ń ṣírò máàkì?" N kò mọ̀. Ọdún méjì ni mo ti ń sáré tẹ̀ lé nǹkan tí n kò mọ bí wọ́n ṣe ń wọ̀n ọ́n. Ó wá ṣe ìṣirò náà lójú mi: máàkì JAMB, tó jẹ́ 400, ni wọ́n ń fi 8 pín kó lè di 50, post-UTME, tó jẹ́ 100, ni wọ́n ń fi 2 pín kí òun náà di 50. 268 mi di 33.5, 58 mi di 29, àpapọ̀ rẹ̀ 62.5. Àwọn tí wọ́n gbà fún Mẹ́dísìn lọ́dún yẹn ti lé ní 70.

"Wò ó," ó ní, "kó o tó lè fi ẹyọ kan kún àpapọ̀ yìí láti inú JAMB, máàkì 8 lo máa wá. Láti inú post-UTME, máàkì 2 péré ni. Oṣù mẹ́wàá lo fi ka ti JAMB, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lo fi ka èyí tó níye lórí jù."

Máàkì 27 tí wọ́n torí rẹ̀ pa adìẹ, mẹ́ta àti díẹ̀ ló jẹ́. Ó ṣe mí bíi kí n fa bébà náà ya.

Ìyẹn ni mo fẹ́ kí ẹ kọ́kọ́ mú lọ́wọ́: ẹ mọ ilẹ̀kùn tó tì kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kan èyíkéyìí. Irú ìṣirò tí Bọ̀ọ̀dá ṣe fún mi yẹn ni wọ́n mọ̀ mọ́ UI. Ní OAU, JAMB kó 50, post-UTME kó 40, èsì WAEC tàbí NECO kó 10 tó kù. Ní UNILAG, 50, 30 àti 20 ni. Wọ́n lè yí i padà nígbàkúgbà, nítorí náà ẹ yẹ tiyín wò lọ́dún tí ẹ bá fẹ́ wọlé. Ṣùgbọ́n ẹ rí i pé ẹni tí C6, tó kéré jù nínú krédíìtì, kún inú WAEC rẹ̀, tó sì yan ilé ìwé tó ń ka èsì WAEC mọ́ máàkì, ti fi nǹkan sílẹ̀ kó tó jókòó ṣe ìdánwò kankan. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ lè tún WAEC ṣe, tàbí kó yan ilé ìwé tí kò ka ìyẹn sí. Ọgbọ́n wà nínú yíyan ilé ìwé ju bí àwọn òbí wa ṣe rò lọ.

Àwọn ilẹ̀kùn mìíràn ò pọ̀. Ìpínlẹ̀ tí ẹ ti wá jẹ́ ọ̀kan: ìlànà tí wọ́n fi lélẹ̀ fún yunifásítì ìjọba àpapọ̀ ni pé ìdá 45 nínú 100 wà fún ẹni tí máàkì rẹ̀ ga, 35 fún àwọn ìpínlẹ̀ tó yí ilé ìwé náà ká, 20 fún àwọn ìpínlẹ̀ tí ìwé kò tíì fi bẹ́ẹ̀ dé. Bí ẹ bá yan ibi tí ẹ kò ti ní ìpín nínú 35 àti 20 yẹn, inú 45 nìkan lẹ ti ń jà, ẹ̀yin àti gbogbo Nàìjíríà. Iye ènìyàn tí wọ́n lè gbà náà kò sí lọ́wọ́ ilé ìwé nìkan. MDCN, ìgbìmọ̀ tó ń bójú tó iṣẹ́ dókítà, ló ń fún ilé ìwé ìṣègùn kọ̀ọ̀kan ní iye tí kò gbọdọ̀ kọjá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó gba máàkì gidi fi ń ṣubú.

Èyí tó ń bí mi nínú jù ni ti CAPS, ojú òpó JAMB fún gbígba ọmọ wọlé. Nígbà tiwa kò sí i, ọdún 2017 ló dé. Orí rẹ̀ ni yunifásítì ti ń dábàá orúkọ, tí JAMB ń fọwọ́ sí i. Ọmọ á gba máàkì tó pé, kò ní fi èsì WAEC rẹ̀ ránṣẹ́ sórí JAMB, nítorí pé "mò ń dúró de èsì" ló kọ nígbà tó ń forúkọ sílẹ̀, èsì dé tán, ó gbàgbé. Orí CAPS á sì fi hàn pé kò ní èsì rárá. Ẹ lọ yẹ tiyín wò lónìí. Bẹ́ẹ̀ ni, lónìí.

Ó kan ọ̀rọ̀ Físíọ́lọ́jì, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe ń ṣiṣẹ́, àti Anátọ́mì, ẹ̀kọ́ nípa bí ara ṣe rí, ibẹ̀ ni màá ti jókòó díẹ̀.

Lẹ́yìn ìkọ̀sílẹ̀ kejì, wọ́n fi Físíọ́lọ́jì lọ̀ mí. Gbogbo ènìyàn ní kí n gbà á. "Gbà á, tó o bá dé 200 level, wàá kọjá sí Mẹ́dísìn." Gbólóhùn yìí ti gba ọdún mẹ́rin lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ ọmọ. Àwọn ilé ìwé kan wà tí wọ́n ń gba ẹni díẹ̀ kọjá, tí máàkì rẹ̀ bá ga débi pé ojú ń ro ni. Àwọn mìíràn ò gba ẹnì kankan. Ẹ má bi àwọn ẹ̀gbọ́n tó wà nínú kọ́ọ̀sì náà, ìrètí ni wọ́n máa fún yín. Ọ́fíìsì fákọ́tì ni kí ẹ lọ, kí ẹ kí wọn dáadáa, kí ẹ béèrè pé: lọ́dún tó kọjá, ẹni mélòó ló kọjá? Mo béèrè. Obìnrin tó wà ní ọ́fíìsì náà rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ọmọ mi, ìwọ lọ jẹun."

Ẹ má gbọ́ mi lódì. Àwọn onímọ̀ Anátọ́mì ló ń kọ́ àwọn dókítà ní ohun tó wà lábẹ́ awọ. Bí ìwádìí àti ìkọ́ni bá wù yín, ẹ lọ, ẹ gbádùn rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ìtọ́jú aláìsàn lẹ fẹ́, ẹ mọ̀ pé oyè ọdún mẹ́rin yẹn kò fún yín ní ìwé àṣẹ láti fọwọ́ kan aláìsàn. Nọ́ọ̀sì, físíò, àwọn tó ń ya fọ́tò eegun, àwọn oníṣègùn ojú, àwọn apòògùn àti àwa ará láàbù, ìgbìmọ̀ tiwa ń fún wa ní àṣẹ. Ẹni tó bá gba kọ́ọ̀sì nítorí pé ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Mẹ́dísìn yóò lo ọdún mẹ́rin tí á máa yọjú lójú fèrèsé ilé onílé.

Fún ẹni tí Mẹ́dísìn náà ló ṣì fẹ́, ọ̀nà JUPEB àti IJMB wà: ọdún kan, kọ́ọ̀sì mẹ́ta, Báyọ́lọ́jì, Kẹ́místírì àti Físíìsì ní tiyín, kí ẹ wá fi èsì rẹ̀ wá àyè ní 200 level. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwé ìṣègùn ló ń gbà á. Ẹ béèrè lọ́wọ́ ilé ìwé tí ẹ ń lọ kí ẹ tó sanwó lọ́dọ̀ ẹni tó ń kọ́ni.

Ní ti owó, ẹnì kan wá sílé wa nígbà yẹn, ó ní òun mọ ẹnì kan tó ní "slọ́ọ̀tì", àyè ìwọlé tí wọ́n ń fi owó rà. Bàbá mi kó owó èésú rẹ̀ fún un. Lọ́jọ́ kejì, nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Bàbá mi kò sọ̀rọ̀ owó yẹn sétí mi rí, ẹnu ìyá mi ni mo ti gbọ́ ọ nígbà tí mo parí yunifásítì. Ẹ bá mi sọ fún àwọn òbí yín.

Àwọn kan á ní kí ẹ gba bodè Sẹ̀mẹ̀ kọjá lọ kàwé ní orílẹ̀-èdè Benin, ó yá, Kútọnu kò jìnnà. Ẹ rántí oṣù kìíní ọdún 2024, nígbà tí ìjọba Nàìjíríà dá gbígba ìwé ẹ̀rí yunifásítì láti orílẹ̀-èdè Benin àti Togo dúró, lẹ́yìn tí oníròyìn kan fi hàn pé òun gba oyè láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Ilé ìwé gidi wà níbẹ̀, àwọn ọmọ Yorùbá ẹgbẹ́ wa ń kàwé níbẹ̀ dáadáa, ṣùgbọ́n èwo ni? Ẹni tó bá sì kọ́ iṣẹ́ dókítà lókè òkun, tàbí lẹ́yìn odi lásán, ìdánwò MDCN ń dúró dè é kó tó lè ṣiṣẹ́ nílé. Àwọn tó lọ Ukraine rò pé wọ́n ti débẹ̀ tán, títí ogun fi dé ní oṣù kejì ọdún 2022.

Èmi ńkọ́? N kò gba Físíọ́lọ́jì. Mo wá iṣẹ́ sí ọsibítù aládàáni kékeré kan, mò ń nu ilẹ̀, mò ń gbé fáìlì. Alẹ́ ọjọ́ kan, wọ́n gbé ọmọ ọdún méjì kan wá, ara rẹ̀ gbóná bí ààrò, ó ti ń gbọ̀n. Ọkùnrin tó wà ní láàbù kan ẹ̀jẹ̀ sórí gíláàsì, ó fi aró sí i, ó ní kí n dúró kó gbẹ. Lẹ́yìn náà ló kán òróró lé e, ó ní kí n wá wò ó. Mo rí àwọn òrùka kéékèèké nínú ẹ̀jẹ̀ ọmọ náà, bí òrùka etí tí ẹnì kan gbàgbé sínú omi. Kòkòrò ibà nìyẹn. Mo gbójú sókè. Dókítà wà lẹ́nu ọ̀nà, ó fi ọwọ́ dì mọ́ férémù, ó ń dúró de ohun tí ọkùnrin yìí máa sọ.

Mo ti ń rò ó láti kékeré pé dókítà ló máa ń mọ̀. N kò rò ó rí pé ẹnì kan ló ń sọ fún un.

Bí mo ṣe fi Medical Laboratory Science ṣe àkọ́yàn lọ́dún 2014 nìyẹn. Ìyá mi dákẹ́ fún ọjọ́ mẹ́ta. Ọdún márùn-ún ni kọ́ọ̀sì náà, ṣùgbọ́n ẹ mọ ASUU. Ìdaṣẹ́sílẹ̀ àwọn olùkọ́ yunifásítì yìí lọ́dún 2020 nìkan gba oṣù mẹ́sàn-án. Mo ṣe ọdún kan tí a fi ń kọ́ṣẹ́ ní ọsibítù, mo ṣe NYSC. Ẹ̀rí àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde, àtọ̀gbẹ, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fẹ́ fà sí obìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ lára, gbogbo rẹ̀ ló ń gba iwájú mi kọjá.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí a jọ ń lọ lẹ́sìn kò bá mi lọ láàbù. Òun ti ṣírò tirẹ̀ lórí bébà Bọ̀ọ̀dá lọ́jọ́ yẹn: ẹyọ mẹ́ta péré ló kù fún un. Ó pa ìwé JAMB tì sí apá kan, post-UTME ló fi gbogbo ọdún kà, ó wọlé lẹ́ẹ̀kẹta. Tẹ́ ẹ bá bi mí bóyá kí ẹ tún un ṣe, ohun tí màá béèrè nìyẹn: ẹyọ mélòó ló kù, inú ìdánwò wo lẹ sì ti fẹ́ mú un jáde? Ẹni tó bá lè dá mi lóhùn, kó tún un ṣe.

Ọsibítù kan náà ni èmi àti ọ̀rẹ́ mi wà báyìí. Lóru àná, aago méjì kọjá, fóònù láàbù dún, òun ni. Ó ní ọmọ kan wà ní wáàdù, ara rẹ̀ ń gbóná, gìrì ti mú un, "Jọ̀ọ́, kí lo rí?" Mo ní kó ní sùúrù díẹ̀, gíláàsì ò tíì gbẹ.