Short sale l'Amẹ́ríkà: ẹ kọ́kọ́ ṣírò iye tó máa dé ọwọ́ báǹkì

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń wọ òwò ilé l'Amẹ́ríkà ló máa ń gbọ́ pé short sale ni ọ̀nà tó yá jù láti rí ilé ọ̀pọ́. Kò rí bẹ́ẹ̀. Kì í yá, ọ̀pọ́ náà kì í sì í tó bí wọ́n ṣe ń pariwo rẹ̀. Bó ṣe jẹ́ nìyí: gbèsè tí onílé jẹ báǹkì ti ju iye tí ilé lè mú wá lọ, kò rówó san mọ́, báǹkì wá gbà kí wọ́n ta ilé náà, kí òun gba ìwọ̀nba tó bá wọlé, kí òun sì yọ ọwọ́ òun kúrò lórí ilé. Onílé ló ń fọwọ́ sí ìwé títà, torí orúkọ rẹ̀ ló ṣì wà lórí ilé, àmọ́ báǹkì ló ń sọ bóyá yóò ṣeé ṣe. Báǹkì yẹn pàápàá lè jẹ́ agbowó lásán, kí àṣẹ máa ti ọ̀dọ̀ Fannie Mae tàbí Freddie Mac (ilé-iṣẹ́ tó ń ra ẹ̀yáwó ilé lọ́wọ́ báǹkì), FHA (àjọ ìjọba tó ń dúró fún ẹ̀yáwó ilé) tàbí VA (àjọ ìjọba tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún àwọn tó ti ṣe sójà) wá. Ẹ béèrè ẹni tó ni gbèsè kí ẹ tó dá iye, torí òfin wọn kò dọ́gba.

Ohun tí wọ́n ń wò kì í ṣe iye tí ẹ fẹ́ san, bí kò ṣe iye tó máa kù lẹ́yìn ìnáwó. Ibí ni àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ti ń kọsẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ ká mú ilé kan tí ẹ̀yáwó rẹ̀ wà lábẹ́ FHA. Gbèsè orí rẹ̀ jẹ́ 240,000 dọ́là, adíyelé sì ní bó ṣe wà yìí, 200,000 ni. Ìlànà FHA ni pé kí ohun tó kù tó ìdá 88 nínú 100 iye tí adíyelé sọ, ní 30 ọjọ́ àkọ́kọ́ tí ilé bá wà lórí àtẹ. Ó di ìdá 86 ní 30 ọjọ́ tó tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà ó di ìdá 84. Ẹ wá dá 178,000. Ìdá 89 nìyẹn, ẹ sì rò pé ó ti bọ́ sí i. Ẹ yọ owó ejẹ́ǹtì ní ìdá 6, ìyẹn 10,680. Ẹ yọ owó ìwé, 2,500, àti owó orí ilé tí onílé jẹ sílẹ̀, 3,100. Ó ku 161,720, kò tó ìdá 81. Wọ́n á dá a padà. Kó tó lè tó ìdá 84, ẹ ní láti dá bí 184,700. Fún ìdá 88, ó di bí 193,200.

Ẹ gbé ìyẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ ìṣirò àwọn tó ń ra ilé, tí wọ́n ń tún un ṣe tà. Ohun tí ọ̀pọ̀ wọn ń lò ni ìdá 70 iye tí ilé máa tó lẹ́yìn àtúnṣe, kí wọ́n wá yọ owó àtúnṣe kúrò. Bí ilé yìí bá máa tó 260,000, tí àtúnṣe sì jẹ́ 28,000, wọn ò ní san ju 154,000 lọ. Ọ̀nà jìn gan-an sí 184,700. Lójú tèmi, ọ̀pọ̀ short sale kì í ṣe ilé àtúntà rárá. Ẹni tó fẹ́ fi gba owó háyà ni wọ́n dára fún, ìyẹn bí owó háyà bá lè gbé èlé, owó orí, ìbánigbófò àti àtúnṣe.

Iye tí adíyelé bá sọ ni gbogbo ọ̀rọ̀ dúró lé. Níbi tí kì í bá ṣe FHA, báǹkì sábà máa ń rán ejẹ́ǹtì kan lọ wo ilé fún owó táṣẹ́rẹ́, òmíràn kì í ju kó wò ó láti ojú títì lọ. Ẹnikẹ́ni tó bá wá díye lé ilé, ìbáà jẹ́ ti FHA, ẹ jẹ́ kí ejẹ́ǹtì onílé pàdé rẹ̀ níbẹ̀. Kó mú ìwé iye àtúnṣe láti ọ̀dọ̀ kọngilá méjì tàbí mẹ́ta dání, fọ́tò òrùlé tó ń jò àti ògiri abẹ́ ilé tó ti rin, àti iye tí irú ilé bẹ́ẹ̀ tà ládùúgbò láàárín oṣù mẹ́fà. Bí adíyelé bá tìtorí èyí sọ pé 185,000 ni, ìdá 84 ti di 155,400, iye tí ẹ máa dá sì di bí 171,300. Àmọ́ ẹni tó bá fọwọ́ ara rẹ̀ ba ilé jẹ́, tàbí tó fi iye tí ilé míì tà gan-an pa mọ́, jìbìtì ló ń ṣe, ẹ̀wọ̀n sì wà níbẹ̀.

Kí ẹ tó náwó kankan, ẹ ní kí wọ́n wá gbogbo gbèsè tó so mọ́ ilé náà jáde nínú ìwé ìjọba. Ẹ̀yáwó kejì lè wà, owó ẹgbẹ́ onílé, owó orí ìjọba àpapọ̀, tàbí ti kọngilá tí wọn ò sanwó fún. Ẹni tó wà ní ipò kejì lè má rí kọ́bọ̀ bí báǹkì àkọ́kọ́ bá gbẹ́sẹ̀ lé ilé, síbẹ̀ bí kò bá fọwọ́ sí i, short sale kú nìyẹn. Láti November 2012, òfin Fannie Mae àti Freddie Mac fi ààlà 6,000 dọ́là sí ohun tí wọ́n lè yọ fún un. Bó bá ní òun ò gbà, ẹ má fún un ní àfikún lábẹ́lẹ̀. Owó yòówù tí kò bá sí lórí ìwé ìparí títà, jìbìtì ni.

Ìwé ló ń pa fáìlì jù. Wọ́n á béèrè lẹ́tà ìṣòro onílé, ìwé owó oṣù, ìwé báǹkì oṣù méjì, ìwé owó orí ọdún méjì, lẹ́tà àṣẹ tó jẹ́ kí ejẹ́ǹtì bá wọn sọ̀rọ̀, ìwé àdéhùn tiyín, àti ẹ̀rí pé owó wà lọ́wọ́ yín. Bí ìwé báǹkì bá ní ojú ewé márùn-ún, márààrún ni kí ẹ fi ránṣẹ́, títí kan èyí tí kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Nọ́ńbà ẹ̀yáwó gbọ́dọ̀ wà lórí ewé kọ̀ọ̀kan. Bó bá ṣe ń pẹ́ sí i, wọ́n á tún béèrè ìwé tuntun, torí náà kí onílé máa kó wọn jọ lóṣooṣù.

Ẹ máa ṣọ́ ọjọ́ gbàǹjo, ìyẹn ọjọ́ tí báǹkì fẹ́ ta ilé náà ní gbangba nítorí gbèsè. Òfin àpapọ̀ ò jẹ́ kí báǹkì bẹ̀rẹ̀ ẹjọ́ gbígba ilé tí onílé ń gbé títí gbèsè fi ju 120 ọjọ́ lọ. Bí ìwé ìbéèrè ìrànlọ́wọ́, ìyẹn fáìlì tí onílé kó jọ yẹn, bá sì pé lọ́wọ́ wọn ní ọjọ́ tó ju 37 lọ ṣáájú gbàǹjo, wọn ò lè ta ilé kí wọ́n tó dáhùn. Ìwé tí kò pé kò ní agbára yẹn.

Ẹ má ṣèlérí fún onílé pé gbèsè yòókù ti lọ. Ní California, òfin 2011 ti dá báǹkì lẹ́kun àtilé e kiri lẹ́yìn short sale lórí ilé gbígbé tí kò ju ìdílé mẹ́rin lọ. Ní ọ̀pọ̀ ìpínlẹ̀ míì, ohun tí lẹ́tà báǹkì bá sọ ló kù, kí lọ́yà rẹ̀ kà á. Gbèsè tí wọ́n bá dárí jì í tún lè di owó tí yóò san owó orí lé lórí. Ẹ má sì gba owó lọ́wọ́ rẹ̀ ṣáájú pé ẹ máa bá a bá báǹkì sọ̀rọ̀: òfin ti ka ìyẹn léèwọ̀ fún ẹni tó ń ta irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀.

Bí lẹ́tà ìfọwọ́sí bá dé, ẹ wo ọjọ́ tó máa kú, iye tó kéré jù tí wọ́n fẹ́ gbà, àti òfin àtúntà. Ti Fannie Mae àti Freddie Mac ni pé ẹ ò lè tà á rárá láàárín 30 ọjọ́, àti pé títí di 90 ọjọ́, ẹ ò lè gbà ju ìdá 120 nínú 100 iye tí ẹ rà á lọ. Ẹni tó sì fẹ́ fi ẹ̀yáwó FHA rà á lọ́wọ́ yín kò ní rí i gbà bí ilé náà ò bá tíì ju 90 ọjọ́ lọ lọ́wọ́ yín. Kí oṣù mẹ́ta yẹn ti wà nínú ìṣirò èlé yín kí ẹ tó fọwọ́ sí ìwé.