Gààrí lórí Òkè Leith: bí mo ṣe wọ DofE ní London

Tí ẹ bá wọ rélùwéè ní Waterloo tí ẹ kọjú sí gúúsù, kí wákàtí kan tó pé, ilé á ti dínkù, òkè àti igbó Surrey á ti bẹ̀rẹ̀. Ibùdókọ̀ kékeré kan wà ṣáájú Dorking tí wọ́n ń pè ní Box Hill and Westhumble. Ibẹ̀ la bọ́ sílẹ̀ sí láàárọ̀ Sátidé kan nínú oṣù Karùn-ún, àwa ọmọ mẹ́fà, báàgì gọbọi lẹ́yìn oníkálukú. Olùkọ́ wa ti ń dúró dè wá. Ó yẹ okùn bàtà wa wò, ó ní ká fi ibi tí a wà hàn òun lórí máàpù, a nàka sí i. Ó ní ó dìrọ̀lẹ́. Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ.

Ẹnu yà mí. Mi ò tíì pẹ́ tí mo ti Ìbàdàn dé, mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́rìnlá ni. Níbi tí wọ́n ti tọ́ mi dàgbà, bí ọmọdé bá fẹ́ sọdá títì, àgbà mẹ́ta á pariwo pé "Dúró!", àgbà mẹ́ta mìíràn á ní "Sáré!". Àgbà tó máa fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà igbó kó sì máa lọ ilé, mi ò rí irú rẹ̀ rí.

Ètò àwọn ọ̀dọ́ kan tó ń jẹ́ Duke of Edinburgh's Award ló gbé wa débẹ̀, DofE ni gbogbo ọmọ ilé ìwé ń pè é. Ọdún 1956 ni Prince Philip, ọkọ Ọbabìnrin Elizabeth, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Duke of Edinburgh, dá a sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀gá ilé ìwé rẹ̀ nígbà èwe, Kurt Hahn, ló gbin èrò náà sí i lọ́kàn. Júù ará Jámánì ni Hahn. Ó sá fún ìjọba Hitler wá sí Scotland, ó sì dá ilé ìwé Gordonstoun sílẹ̀ ní 1934. John Hunt, tó jẹ́ olórí ikọ̀ tó kọ́kọ́ dé ṣóńṣó Everest ní 1953, ni wọ́n fi ṣe olùdarí àkọ́kọ́. Ọkùnrin nìkan ni wọ́n ń gbà níbẹ̀rẹ̀, ọdún 1958 làwọn obìnrin wọlé. Ẹni ọdún 14 sí 24 ló wà fún, ìpele rẹ̀ sì jẹ́ mẹ́ta: Bronze, Silver, Gold. Wọ́n ń ṣe é ní Nàìjíríà náà, àmọ́ London ni mo ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ.

Ẹ̀ka mẹ́rin ló wà nínú Bronze: iṣẹ́ ìrànwọ́ láìgbowó, eré ìdárayá, iṣẹ́ ọwọ́ tàbí ẹ̀kọ́ kan tó wu ọ́, àti ìrìnàjò ẹlẹ́sẹ̀ ọlọ́jọ́ méjì tí ẹ ó sun òru kan nínú àgọ́. Mẹ́ta àkọ́kọ́ ń gba nǹkan bíi wákàtí kan lọ́sẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, ìwọ fúnra rẹ á sì yan ọ̀kan tí wàá fi oṣù mẹ́ta mìíràn kún. Mò ń to aṣọ àlòkù ní ṣọ́ọ̀bù àwọn aláàánú, mò ń gbá bọ́ọ̀lù, mo sì fi gángan tí mò ń kọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì dí àyè ẹ̀kọ́. Bàbá onílù wa ló kọ ìròyìn nípa mi ránṣẹ́ sí wọn. Ìròyìn yẹn dùn ju ìlù mi lọ dáadáa.

Ìrìnàjò yẹn ló di wàhálà nílé. Mọ́mì mi ka fọ́ọ̀mù náà lákàtúnkà.

"Àkànní, ṣé torí kí o lè máa sùn nínú igbó ni mo ṣe ń ṣiṣẹ́ alẹ́ nílé àwọn arúgbó? Oko ni wọ́n ti bí èmi. Mo ní ọmọ tèmi ò ní roko. Ìwọ wá fẹ́ lọ sóko láìmú ọkọ́, láìmú àdá."

Obìnrin kan ní ṣọ́ọ̀ṣì ló bá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní ọmọ tòun náà ṣe é, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé tó fi wá fásitì. Bí Mọ́mì ṣe gbọ́ "fásitì" báyìí, ó béèrè bírò.

Ilé ìwé yá wa ní àgọ́, bàtà àti báàgì. Wọ́n kìlọ̀ pé ẹrù kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́rin ìwọ̀n ara ẹni lọ. Mọ́mì ò dá wọn lóhùn. Ó di gààrí, ẹ̀pà, ṣúgà àti ìgò ata díndín ńlá kan sí i, ó ka Sáàmù 121 lé mi lórí. Nígbà tí wọ́n wọn báàgì mi nílé ìwé, ìgò ata ló kọ́kọ́ jáde.

Máàpù tó wà lọ́wọ́ wa, sẹ̀ǹtímítà mẹ́rin lórí rẹ̀ ni kìlómítà kan nílẹ̀. Àwọn ìlà pupa rẹ́súrẹ́sú kan wà lára rẹ̀ tó ń fi gíga ilẹ̀ hàn: tí wọ́n bá jìnnà síra, ilẹ̀ tẹ́jú, tí wọ́n bá fún mọ́ra, ẹ múra, òkè ń bọ̀. A gba ẹ̀gbẹ́ oko àjàrà Denbies gòkè lọ sí Ranmore, ìlà wọ̀nyẹn ò sì parọ́. Ilẹ̀ ẹfun ni apá ibẹ̀, òjò alẹ́ àná sì ti rọ̀ sí i. Ọmọ Poland tó wà níwájú yọ̀ ṣubú, àwa tó kù rẹ́rìn-ín, àwa náà ṣubú.

Lẹ́yìn Ranmore la ṣìnà. Ọ̀nà pín sí mẹ́ta nínú igbó, lórí máàpù méjì péré ló wà. A yí kọ́ńpáàsì síhìn-ín, a yí i sọ́hùn-ún, ariyànjiyàn bẹ́ sílẹ̀. Bàbá àgbà kan fa ajá rẹ̀ kọjá. Mo ní ká bi í. Ọmọbìnrin ọmọ Gẹ̀ẹ́sì tó wà láàárín wa ní ojú á ti òun. Ọmọ Poland ní ìyẹn á jẹ́ màgòmágó. Èmi tí wọ́n ti ń sọ fún látilẹ̀ pé abéèrè kì í ṣìnà, mo ti kí bàbá náà, mo ti dọ̀bálẹ̀ díẹ̀ pàápàá kí n tó rántí ibi tí mo wà. Inú bàbá dùn. Kò sọ ọ̀nà fún wa o. Ó ní ká gbé máàpù wá, ó bi wá léèrè òkè tó wà lápá ọ̀tún wa títí àwa fúnra wa fi rí i pé ọ̀nà kẹta, ọ̀nà àwọn agégedú lásán ni.

Nígbà tí a jáde síta, olùkọ́ wa rèé lórí àkàsọ̀ ọgbà ẹnìkan, ó ń mu tíì nínú fúláàsì. Ó ti rí wa látòkè. Ó rí wa tí a ń jà, kò sọ̀rọ̀. Inú bí mi gan-an nígbà yẹn. Lónìí tí mo ti di àgbà, mo mọ̀ pé ìdákẹ́jẹ́ yẹn gan-an ni wọ́n gbà wá wọ ẹgbẹ́ fún, mi ò sì rò pé mo lè ṣe é fún ọmọ tèmi kí n má pariwo.

Ẹ̀bá Holmbury la sùn. Sítóòfù onísípíríìtì ni wọ́n fún wa, afẹ́fẹ́ ò sì jẹ́ kó jó dáadáa. Makaróní àwọn yòókù ò jinná títí ilẹ̀ fi ṣú. Mo da omi sí gààrí, mo wọ́n ẹ̀pà lé e, mo ń jẹ tèmi. Ọmọ Poland tọ́ ọ wò, ó ní ó ń họ òun lọ́fun. Nígbà tó yá ó ní ṣúgà dà. Lóru, nǹkan kan ń gbó nínú igbó, kì í sì í ṣe ajá. Ọmọ Bangladesh tá a jọ wà nínú àgọ́ ní àlùjànnú ni, mo ní egbére ni. Àṣé muntjac ni, ẹtu kékeré kan tó máa ń gbó bẹ́ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, gìgísẹ̀ mi ti lé, mo tiro gun Òkè Leith. Mítà 294 péré ni, ẹni tó bá ti gun Ìdànrè á rẹ́rìn-ín, àmọ́ òun ló ga jù ní Surrey. Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Richard Hull kọ́ ilé ìṣọ́ kan sórí rẹ̀ ní 1765, abẹ́ rẹ̀ náà ni wọ́n sin ín sí. Láti ibẹ̀ a rí London lápá àríwá, àwọn ilé gogoro rẹ̀ ò ju ìka ọwọ́ lọ. Wọ́n ń ta kéèkì nísàlẹ̀ ilé ìṣọ́ náà, òórùn rẹ̀ ń pè wá, ṣùgbọ́n ohun tí a gbé wá nìkan ni wọ́n ní ká jẹ. Gààrí tó kù la pín.

Nígbà tí ìwé ẹ̀rí àti báàjì mi dé, Mọ́mì pe Ìbàdàn. Mo gbọ́ tó ń sọ fún ìyá àgbà pé ọkọ Ọbabìnrin ti fún ọmọ òun ní oyè. Ó pa fóònù, ó bi mí ọjọ́ tí a máa lọ sí ààfin. Mo ní àwọn tó gba Gold ni wọ́n ń pè sí ààfin, Bronze ni tèmi.

Ó ní, "Kí lo wá ń jókòó ṣe níbí?"