Moggy Lásán Ni

Òjò pa mí lọ síbi iṣẹ́, ó tún pa mí bọ̀. Mo ti jẹun, mo ti gbàdúrà, oorun kọ̀, kò wá. Ọ̀rọ̀ kan tí mo gbọ́ láàárọ̀ ló ń jà ràn-ìn lọ́kàn mi.

Màmá ti Penge, ìyá àgbàlagbà tí mò ń tọ́jú ní London, ni wọ́n sọ ọ́. Nọ́ọ̀sì tó wá wẹ ọgbẹ́ ẹsẹ̀ wọn rí ológbò tó ká jọ sórí bẹ́ẹ̀dì, ó bi wọ́n pé irú ẹ̀yà wo ni. Màmá ní moggy lásán ni. Wọ́n fọwọ́ ra á lórí, wọ́n ní, àmọ́ moggy tàwọn ni. Nọ́ọ̀sì ti kó irinṣẹ́ rẹ̀ lọ, mo ti pààrọ̀ aṣọ bẹ́ẹ̀dì, mo ti fọ abọ́, "lásán" yẹn ṣì ń dún létí mi.

Ológbò tí kò ní ìwé ìran ni àwọn Gẹ̀ẹ́sì ń pè bẹ́ẹ̀. Kò sẹ́ni tó mọ bàbá rẹ̀.

Ìyá mi pè lálẹ́ àná. Ìbéèrè kan náà ni, nípa ọmọkùnrin tí ọmọbìnrin mi fẹ́ fẹ́. Ọmọ ta ni? Ilé wo ló ti jáde wá? Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ, ni wọ́n wí, wọ́n sì dákẹ́, wọ́n ń dúró dè mí. A ò mọ ìdílé tó bí ọmọkùnrin náà, ibi tọ́rọ̀ dé nìyẹn. Ọ̀kan ṣoṣo ni àkọ́bí mi, ọkàn rẹ̀ sì ti lọ sọ́dọ̀ ọmọkùnrin náà.

Àìmọye ọ̀nà ni Màmá fi ń pe ẹran yìí. Puss ni bí wọ́n bá fẹ́ kó wá jẹun. Kitty ni bí inú wọn bá dùn. Bí wọ́n bá ń ṣàpèjúwe rẹ̀ fún àlejò, wọ́n á ní tabby ni. Mo jókòó wò ó dáadáa lónìí: àmì kan wà níwájú orí rẹ̀ tó dà bíi lẹ́tà M, ìlà dúdú àti ìlà eérú sì tò tẹ̀ léra wọn títí dé ìrù bí aṣọ òfì tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lọ́wọ́ ahunṣọ. Láti ara aṣọ ni orúkọ yẹn sì ti wá, sílíìkì onílà tí wọ́n ń hun ní àdúgbò kan ní Baghdad láyé àtijọ́.

Orúkọ ọmọ èèyàn ló pọ̀ jù nínú ìyókù. Thomas ni wọ́n gé kúrú tó fi di tom, akọ ológbò. Kí tom tó gbòde, gib ni wọ́n ń pè é, láti ara Gilbert. Àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ sì ní ó jọ pé Margaret ló wà nídìí moggy. Ẹran tí kò ní bàbá, wọ́n fún un lórúkọ ọmọ aládùúgbò. Ìyẹn tù mí nínú díẹ̀, mi ò mọ ìdí.

Bọ́ọ̀sì mi gba Crystal Palace kọjá. Níbẹ̀ ni Harrison Weir, ayàwòrán kan, ti ṣe àfihàn ológbò ńlá ní 1871, ní ilé gíláàsì tí iná jó ní 1936. Nígbà tó di 1910, wọ́n dá ẹgbẹ́ tó ń kọ ìran ológbò sílẹ̀, kí ẹni tó ra ẹ̀yà ológbò bíi Siamese tàbí Persian lè mọ bàbá rẹ̀ àti bàbá bàbá rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ Larry, ológbò tó wà ní ilé olórí ìjọba ní Downing Street, ìgboro ni wọ́n ti rí i. Ilé ìtọ́jú ẹran ní Battersea ni wọ́n ti mú un lọ síbẹ̀ ní oṣù kejì 2011 kó máa lé eku. Ó bá Cameron níbẹ̀, Cameron fi í sílẹ̀ lọ. May lọ, Johnson lọ, Truss lọ, Sunak lọ, Starmer dé bá a. Inú mi máa ń dùn tí mo bá rí i nínú ìròyìn, tó jókòó síwájú ilẹ̀kùn dúdú yẹn!

Láti oṣù kẹfà 2024 sì ni òfin ti wà ní Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì pé kí wọ́n fi ẹ̀rọ kékeré tí wọ́n ń pè ní chip sábẹ́ awọ gbogbo ológbò tó ń gbélé. Ọ̀dọ̀ ẹni tó ni ín ni nọ́ńbà inú rẹ̀ máa ń darí èèyàn sí. Òfin ò béèrè ẹni tó bí i.

Àmọ́ ènìyàn kì í ṣe ológbò. Mi ò lè fi ọmọ ọlọ́mọ wé ẹran, Ìyá mi ò sì ṣe burúkú. Bí wọ́n ṣe béèrè nígbà tèmi náà nìyẹn. Ìbéèrè yẹn ni kì í jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n fẹ́ àbúrò láìmọ̀. Àìsàn ìdílé ń bẹ, ìwà ìdílé ń bẹ... síbẹ̀, ìwà ọmọkùnrin yìí ni mo ti ń wò, mi ò rí àbùkù kan. Ó ń dọ̀bálẹ̀ kí mi láìsí ẹni tó kọ́ ọ.

"Tèmi ni." Màmá ò gbé ohùn sókè nígbà tí wọ́n sọ ìyẹn. Mo ti fi gbogbo ọjọ́ rojú nítorí "lásán", mi ò gbọ́ èyí tó tẹ̀ lé e dáadáa. Tàbí mo gbọ́ ọ, àmọ́...

Obìnrin kan wà ní Birmingham tó tọ́ ọmọkùnrin náà láti kékeré. Ọmọ mi ni obìnrin náà máa ń pè é.

Ó gbọ́dọ̀ wá síbi mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Òun ni yóò jókòó síwájú níhà ìdílé ọkọ, kí Ìyá mi rí i, kí wọ́n bi í ní ohun tí wọ́n bá fẹ́ bi í. Mo máa pè é lọ́jọ́ Sátidé. Orúnkún ń dùn ún, mo sì fẹ́ mọ̀ bóyá ó lè kúnlẹ̀ díẹ̀. Bí kò bá lè kúnlẹ̀, kó jókòó, a ó gbé àga ìrọ̀gbọ̀kú sílẹ̀ fún un.