Ọ̀rọ̀ inú kòròpe

Ọjọ́rú, alẹ́. Wọ́n ti mú iná lọ.

"Ṣé ọmọ yẹn ṣì wà ní gbaga?"

Obìnrin tó jókòó níwájú mi nínú kòròpe ló bi ẹnìkejì rẹ̀ bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe tiwa ló ń sọ, mi ò mọ̀ wọ́n rí. Ohùn tó fi bèèrè ni kò kúrò létí mi, bí ẹni ń bèèrè iye tí wọ́n ń ta kóńgò gààrí lónìí. Lagere ló yẹ kí n ti bọ́ sílẹ̀. Ẹnuwà ni mo ti rántí.

Gbaga. Létí tèmi, irin ni ọ̀rọ̀ yẹn: ìlẹ̀kùn ńlá tí wọ́n pa dé, gbà, tí àgádágodo wá tẹ̀lé e, gà. Mi ò sọ pé ibẹ̀ ló ti wá o. Bó ṣe ń dún lára mi ni mo ń sọ.

Ọjà ò yá. Ọ̀pá ánkárá mẹ́rin péré.

Mọ́mì kì í pe ọ̀rọ̀ yẹn. "Ó rìnrìn àjò" ni wọ́n ń sọ nípa àbúrò mi fún àwọn ará ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn yẹn náà a sì máa bèèrè ìgbà tó máa dé, bí ẹni pé bàálù ló wọ̀. Ṣùgbọ́n tí wọ́n bá wà lórí ìkúnlẹ̀, túbú ni. "Ọlọ́run tó mú Jósẹ́fù kúrò ní túbú." Túbú ṣeé gbọ́ létí, torí ẹni tó jáde níbẹ̀ di igbákejì Fáráò. Ẹni tó jáde ní gbaga ńkọ́? Rédíò ní ẹ̀wọ̀n, ìwé ìròyìn ní àhámọ́. Láti 2019 ni ìjọba ti sọ ọ́ di ọgbà àtúnṣe. Mo fẹ́ rí ẹni tó máa wọ kòròpe, kó ní ọmọ yẹn ṣì wà ní ọgbà àtúnṣe! Mo rẹ́rìn-ín sí ìyẹn lọ́sàn-án, kí n má parọ́.

Kírikírì ló ń ṣe mí láàánú jù. Àdúgbò ni l'Ékòó, wọ́n ń bímọ níbẹ̀, wọ́n ń ṣe ìkómọ, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ pé Kírikírì lòun ń gbé tí ojú ò ní yí sí i? Bẹ́ẹ̀ náà làwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe. Clink, ẹ̀wọ̀n kan tó wà ní Southwark nílùú London. Àwọn onírúkèrúdò dáná sun ún ní 1780. Ilé jóná, orúkọ ò jóná. Ẹ̀wọ̀n yòówù kó jẹ́, clink náà ni lẹ́nu wọn. Fẹlá tiẹ̀ mú orúkọ sẹ́ẹ̀lì tí wọ́n tì í mọ́, Kalakuta, ó fi sọ ilé ara rẹ̀. Irú àyà yẹn, mi ò ní in.

Bí mo ṣe ń fẹsẹ̀ rìn padà láti Ẹnuwà, mo bojú wo ààfin, Atẹ̀wọ̀nrọ̀ bá sọ sí mi lọ́kàn. Ẹ̀wọ̀n kan náà mà ni! Òun ni Odùduwà fi rọ̀ láti òde ọ̀run, tí gbogbo ọmọ Ifẹ̀ ń fi yangàn. Òun náà ni wọ́n ń kì bọ ẹsẹ̀ ọ̀daràn, tí ilé fi gba orúkọ rẹ̀. Mo fẹ́ fi ìyẹn tu ara mi nínú. Kò ràn. Èyí tó ń sọni kalẹ̀ àti èyí tó ń deni mọ́lẹ̀...

Àbí kí n ti fọwọ́ kan obìnrin yẹn léjìká, kí n ní, "Mà, ẹ jọ̀ọ́..." Ẹ jọ̀ọ́ kí ni? Kò ṣe mí ní nǹkan kan. Ó kúkú bèèrè. Àwọn tó mọ orúkọ àbúrò mi dáadáa, oṣù keje rèé tí wọn ò bèèrè mọ́. Bóyá "ṣì" yẹn gan-an ló dùn mí, kì í ṣe gbaga.

Àbúrò mi alára kì í pè é ní nǹkan kan. "Ibí" ló máa ń sọ. "Àkùkọ ibí kì í sùn."

Ọ̀túnla ni màá tún lọ sí Iléṣà. Ó ní kí n mú ọṣẹ dúdú wá, àti gààrí, kí gààrí ọ̀hún kan dáadáa.